Ẹ̀fọ́rí túúlu yìí fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ṣé oúnjẹ ló ń fà á ni?

Aránṣọ_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀fọ́rí túúlu kó bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí ó ti sú mi. Ọmọ ọdún 33 ni mí, aṣọ ni mò ń rán n'Íbàdàn, mo bímọ méjì. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti ń ṣe mí àmọ́ látìgbà tí mo ti bí ọmọ kejì ló ti wá le. Ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń mú, apá òsì lọ́pọ̀ ìgbà, látẹ̀yìn ojú dé ẹ̀bátí, á máa lù kì kì kì bíi pé wọ́n ń gúnyán nínú ẹ̀, tí mo bá wá bẹ̀rẹ̀ mú sísọ́ọ̀sì nílẹ̀ ṣe ló máa dà bíi pé orí fẹ́ là sí méjì. Èébì á máa gbé mi. Mi ò ní fẹ́ gbọ́ ohùn àwọn ọmọ, mi ò ní fẹ́ rí iná, òórùn ata díndín lásán á máa lé mi kiri ilé. Nígbà míì ọjọ́ kan, nígbà míì ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

Èyí tó wá bà mí lẹ́rù ni ti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Mo fẹ́ fi òwú bọ abẹ́rẹ́, ni ojú abẹ́rẹ́ bá pòórá. Mo rò pé iná ló wálẹ̀. Mo gbójú sókè wo kọ́sítọ́mà tó jókòó níwájú mi, mo rí etí ẹ̀, mo rí gèlè ẹ̀, mi ò rí imú ẹ̀! Nǹkan kan wá ń tàn yanranyanran légbẹ̀ẹ́ ibi tí mi ò rí yẹn, ó rí wọ́kọwọ̀kọ bí etí aṣọ tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì eléyín gé, ó sì ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà ojú mi là padà, ni orí bá gbà á.

Mo ti tọ́jú ibà àti táífọ́ọ̀dù débi pé ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò wa kì í bi mí léèrè mọ́, tó bá ti rí mi tí mo fọwọ́ di orí, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka oògùn ibà sínú ọ̀rá. Mo ti ṣe awò ojú. Ìyá ọkọ mi ní irú àti Maggi ni, mo jáwọ́ ńbẹ̀. Ẹnì kan ní ẹyin ni, mo jáwọ́ ńbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wá ní nǹkan dídùn ni, torí lóòótọ́ tó bá ku ọ̀la tó máa ṣe mí, ọkàn mi á máa fà sí bisikíìtì àti ṣokoléètì ṣáá. Ó ti wá dà bíi pé mi ò mọ ohun tí mo lè jẹ mọ́. Paracetamol ni mò ń lò, tí kò bá ṣiṣẹ́ mo máa fi ẹlẹ́búlẹ́bú lé e. Kò sí oògùn míì tí mò ń lò yàtọ̀ sí ti ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró tí mò ń lò lálaalẹ́.

Ìbéèrè mi ni pé oúnjẹ wo gan-an ni kí n yọ kúrò, oògùn wo ló sì lè lé e lọ pátápátá?

Bàbá_Azeez_Ṣómólú

Ẹ pẹ̀lẹ́ o àǹtí, Ọlọ́run á fi àlááfíà sí i. Mo mọ ohun tí ẹ ń sọ dáadáa. Ìwé la máa ń tẹ̀ ní Ṣómólú ńbí, ọdún tí mo gba fúrídọ́ọ̀mù ni tèmi bẹ̀rẹ̀, mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún di ẹ̀bi ru yíǹkì àti èéfín jẹnẹrétọ̀. Òótọ́ ni pé òórùn wọn máa ń tì í jáde, àmọ́ ìgbà tó wá ṣe mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ààwẹ̀ Ràmàdáánì ni mo tó jókòó rò ó. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni, yíǹkì kan náà ni, kí ló wá yí padà? Ohun tó yí padà ni pé mi ò jẹun lọ́sàn-án, omi ò kan ọ̀fun mi, mo dìde sàárì ní ìdájí tí oorun ò tó, tí mo sì já kọfí lójijì, bẹ́ẹ̀ ife mẹ́ta sí mẹ́rin ni mò ń mu lójúmọ́ tẹ́lẹ̀. Dókítà tí mo lọ rí sọ fún mi pé kọfí tí mo já lójijì yẹn nìkan tó ohun tó lè fọ́ orí èèyàn láàárín ọjọ́ kan.

Látìgbà yẹn, tó bá ti ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ààwẹ̀ wọlé mo ti ń dín kọfí kù ní ife kọ̀ọ̀kan. Sàárì mi kì í ṣe tíì àti búrẹ́dì mọ́, ẹ̀wà tàbí ohun tó máa pẹ́ nínú ni, omi náà mo máa ń mu ún díẹ̀díẹ̀ láti ìṣínu títí mo fi máa sùn, kì í ṣe pé kí n da gbogbo ẹ̀ sínú lẹ́ẹ̀kan náà ní ìdájí. Lọ́dún tó kọjá ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣe mí nínú gbogbo oṣù yẹn. Lọ́jọ́ yẹn mo ṣínu, mo sì san án padà lẹ́yìn ọdún torí ẹ̀sìn fúnra ẹ̀ gba aláìsàn láyè.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín àǹtí, aago mélòó lẹ máa ń jẹ oúnjẹ àárọ̀?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Àǹtí aránṣọ, nọ́ọ̀sì ni mí, mi ò lè yẹ̀ yín wò lórí fóònù o, àmọ́ ohun kan wà nínú ohun tí ẹ kọ tí mi ò lè kọjá ẹ̀, òun ni màá kọ́kọ́ sọ kí n tó dé orí oúnjẹ.

Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ mú páálí ẹ̀, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Tí ẹ bá rí ethinylestradiol níbẹ̀, ìyẹn oríṣi estrogen, èròjà ara obìnrin, ẹ padà lọ bá àwọn tó fún yín lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé túúlu tó ń ṣe yín máa ń fi nǹkan hàn yín lójú kó tó dé. Ojú abẹ́rẹ́ tó pòórá yẹn, imú kọ́sítọ́mà, nǹkan wọ́kọwọ̀kọ tó ń tàn, aura là ń pe ìyẹn. Iná kan ló ń rọra tàn ká apá ẹ̀yìn ọpọlọ tó wà fún ìríran, ó máa ń lò tó ìṣẹ́jú 5 sí 60, ó sì máa ń lọ fúnra ẹ̀. Fúnra ẹ̀ kì í bà ojú jẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀ ní ti ìyẹn. Ṣùgbọ́n obìnrin tó bá ń rí aura, àjọ ìlera àgbáyé WHO ò fọwọ́ sí i kó lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tó ní estrogen nínú, ọjọ́ orí yòówù kó jẹ́, torí tí méjèèjì bá pàdé wọ́n máa ń fi kún ewu àrùn rọpá-rọsẹ̀. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín o, ewu yẹn ò pọ̀ lára ẹni ọdún 33, àmọ́ kí lèèyàn fẹ́ fi ewu ṣe nígbà tí òmíì wà? Èyí tí wọ́n ń fi sí abẹ́ awọ apá wà, abẹ́rẹ́ wà, kọ́ọ̀lù oníkọ́pà tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ wà, kò sí estrogen nínú gbogbo wọn. Ẹ má kàn dá tọwọ́ yín dúró láìgba òmíì, kí oyún má lọ dé lójijì. Kí wọ́n sì wọn BP yín, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, lọ́jọ́ yẹn.

Ó yá, oúnjẹ. Àǹtí mi, ẹ máa jẹ ẹyin yín. Nǹkan dídùn tí ọkàn yín ń fà sí lọ́jọ́ tó ṣáájú yẹn, ó ṣeé ṣe kó má mọwọ́ mẹsẹ̀ rárá. Túúlu máa ń bẹ̀rẹ̀ kó tó dé orí, nígbà míì ó máa ń tó ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú: ẹlòmíì á máa yán léraléra, ọrùn á máa gan, á máa kanra, á máa wá nǹkan dídùn jẹ. Ìyẹn ni pé àìsàn ti wọlé, òun ló ń rán yín níṣẹ́ bisikíìtì, orí wá fọ́ lọ́jọ́ kejì, ẹ wá mú bisikíìtì lọ́daràn.

Àwọn oúnjẹ tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dárúkọ ni wáìnì pupa, wáràkàṣì tó ti pẹ́, àti ẹran inú agolo àti sọ́séjì tí wọ́n fi kẹ́míkà tọ́jú. Ti Ajinomoto tó ń wà nínú Maggi, wọ́n ti dán an wò láìjẹ́ kí ẹni tó ń jẹ ẹ́ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, èsì ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dúró lójú kan. Tó bá dá yín lójú pé ohun kan máa ń ṣe yín bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́, ẹ yọ ọ́. Ẹ má yọ oúnjẹ mẹ́wàá nítorí pé ẹni mẹ́wàá sọ̀rọ̀, torí ebi burú fún olórí túúlu ju irú lọ, mo fi dá yín lójú. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín kẹ́ ẹ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ má jẹ́ kó ju wákàtí mẹ́rin lọ kẹ́ ẹ tó tún fi nǹkan sẹ́nu. Ohun kan ṣoṣo lè má tó láti mú un wá. Ẹ jẹun pẹ́ lónìí, orí ò fọ́. Ẹ ò sùn dáadáa lọ́la, orí ò fọ́. Tí nǹkan oṣù bá wá bọ́ sáàárín ebi àti àìsùn, á fọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè jẹ Maggi lọ́jọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kó má ṣe yín ní nǹkan kan, kẹ́ ẹ wá torí ọjọ́ kan gégùn-ún fún un.

Ẹ tún bá mi ka ọjọ́ tí ẹ ń lo oògùn ìrora nínú oṣù. Paracetamol tàbí ibuprofen nìkan, tó bá ti ń tó ọjọ́ 15 lóṣù kan fún bí oṣù mẹ́ta, oògùn náà fúnra ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yín lórí. Àwọn tí wọ́n po nǹkan méjì mẹ́ta pọ̀ tàbí tó ní codeine, ọjọ́ 10 ni tiwọn. Ẹlẹ́búlẹ́bú wà nínú àpòpọ̀ yìí o. Alábùkún tí Jacob Ṣógbóyèga Odùlátẹ̀ bẹ̀rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ní 1918 tí àwọn ìyá wa mọ̀ dáadáa, aspirin àti kaféènì ló wà nínú ẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀fọ́rí, iye ìgbà téèyàn ń lò ó ni kéèyàn ṣọ́, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan aspirin, ọmọdé náà ò gbọ́dọ̀ lò ó.

Tó bá tún dé, ẹ má dúró dìgbà tó bá le tán. Àgbà lè lo ibuprofen 400mg pẹ̀lú oúnjẹ tàbí paracetamol 1g ní kété tí orí bá bẹ̀rẹ̀, tí kò bá sí ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín, kẹ́ ẹ wọ yàrá tó ṣókùnkùn. Ikùn olórí túúlu máa ń dúró gbagidi lọ́jọ́ yẹn, ohun tó fà á nìyẹn tí oògùn tẹ́ ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó lò fi máa ń jókòó síbẹ̀ láìṣiṣẹ́, dókítà lè kọ oògùn tó ń dá èébì dúró mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n_Àgbà_Òṣogbo

Mo fara mọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, mo kàn fẹ́ fi ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kún un torí kí ẹlòmíì tó ń ka ibí má bàa ṣìnà. Òun ò ní ẹ̀fọ́rí rí láyé ẹ̀. Ọdún tó pé ẹni 56 ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, gbogbo wa ní túúlu ni, àwọn kan ní kì í ṣe ojú lásán, a gbé e lọ síbi àdúrà, a tún bu àgbo fún un mu, odindi oṣù méjì la fi bẹ́ẹ̀ ṣòfò. Ìgbà tí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ò lè di ṣíbí mú mọ́ la tó gbé e dé ilé ìwòsàn, BP ẹ̀ ti kọjá 200. Ó yè é, a dúpẹ́, àmọ́ ọwọ́ yẹn ò padà bọ̀ sípò pátápátá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀fọ́rí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, èyí tó dé lójijì bí ààrá tí èèyàn ò rí irú ẹ̀ rí, èyí tó bá ibà àti ọrùn gígan wá, èyí tó bá ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tó rọ wá, èyí tó dé lẹ́yìn tí èèyàn fi orí gbá nǹkan, tàbí ti aboyún tí ẹsẹ̀ ẹ̀ wú, ẹ má pè é ní túúlu nílé. Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Àdúrà ò ní kẹ́ ẹ má gbé e lọ.

Ọmọ_Ìgbọ́ràn

Ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú, ṣebí àìsàn òyìnbó ni migraine, ìyẹn túúlu yìí? Bàbá wa máa ń sọ pé aláwọ̀ dúdú kì í ní in.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Ká ní kì í ṣe wá, àwọn baba wa ò bá má sọ ọ́ lórúkọ. Túúlu ti wà nínú èdè wa kí ilé ìwòsàn tó dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun, dókítà ọpọlọ tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn, òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣèwádìí àìsàn ọpọlọ lára àwọn ará Ìgbò-Ọrà, wọ́n ka ẹ̀fọ́rí mọ́ ọn, wọ́n sì bá túúlu níbẹ̀. Lágbàáyé, àwọn tó ní in ju bílíọ̀nù kan lọ.

Ìyá_Tèmi_Manchester

Àǹtí, ẹ kú ìfaradà. Ọ̀dọ̀ màmá mi ni mo ti jogún tèmi, ìyẹn náà máa ń di gèlè mọ́ orí gan-an gan-an wọ yàrá, a ò mọ̀ pé àìsàn ni, a rò pé inú ló ń bí wọn. Ìbéèrè yín pé oògùn wo ló máa lé e lọ pátápátá, mi ò tíì rí i o, àmọ́ ó ṣeé dín kù gan-an, èmi jẹ́rìí.

Oríṣi méjì ni oògùn ẹ̀. Èyí tí èèyàn ń lò lọ́jọ́ tó bá dé, àtèyí tí èèyàn ń lò lójoojúmọ́ kó má bàa dé. Ti ọjọ́ tó bá dé, sumatriptan ló bá mi lára mu, níbí ní Manchester fámásìsì lè tà á fún yín láìsí ìwé dókítà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bi yín ní ìbéèrè tán. Ìgbà tí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ni wọ́n ní kí n lò ó, kì í ṣe ìgbà tí mo ṣì ń rí nǹkan wọ́kọwọ̀kọ. Ẹni tó ní àìsàn ọkàn, tó ti ní rọpá-rọsẹ̀ rí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ ò gbọ́ oògùn kò gbọ́dọ̀ lò ó rárá.

Ti ojoojúmọ́, propranolol ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fún mi, mo ní ásímà ń ṣe mí, wọ́n ní a ò lò ó nìyẹn. Wọ́n fún mi ní amitriptyline 10mg lálaalẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ẹnu mi gbẹ bí èèpo igi, mo ń sùn bí ọmọ ìkókó, mo fẹ́ jáwọ́. Dókítà ní kí n fún un ní oṣù méjì. Oṣù kejì ni mo tó rí i pé èyí tó ń ṣe mí lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lóṣù ti di ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Topiramate wà, àmọ́ kì í ṣe fún ẹni tó lè lóyún láìjẹ́ pé ó ní ìfètòsọ́mọbíbí tó dájú, torí ó lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Abẹ́rẹ́ tuntun tí èèyàn máa ń gún lóṣooṣù wà níbí láti bí ọdún díẹ̀, erenumab tó jẹ́ àkọ́kọ́ nínú wọn, 2018 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Owó ẹ̀ ga, níbí náà wọn kì í fúnni àfi tí oògùn mẹ́ta bá ti kùnà. Mo sọ ìyẹn kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ó wà ni. Propranolol àti amitriptyline ò wọ́n, wọ́n wà nílé náà, àwọn nìkan lè tó yín. Dókítà ni kó kọ ọ́ o, ẹ má lọ rà á fúnra yín.

Aránṣọ_Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun ẹ ṣeun ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kí n padà wá jábọ̀. Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kí, mo wo ara páálí yẹn lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ kọ̀wé, ethinylestradiol ló wà níbẹ̀ gbàǹgbà, ojú mi sì ti rí páálí yẹn fún ọdún mẹ́ta. Mo lọ ní ọjọ́ Mọ́ńdè, wọ́n bá mi fi èyí tó ń wà ní apá sí i, BP mi dáa.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé tí mò ń kọ ìwọ̀n kọ́sítọ́mà sí náà ni mo yí padà sí ẹ̀yìn, mò ń kọ aago tí mo jẹun, aago tí mo sùn, ọjọ́ nǹkan oṣù, ọjọ́ tí orí fọ́, oògùn tí mo lò. Mo tún jókòó ti ọkọ mi, a jọ ka ọjọ́ tí mo lo oògùn ìrora lóṣù tó kọjá, a bá a dé 17, ọkọ mi ní kò dá òun lójú pé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dín in kù le o, mi ò ní purọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan. Ọ̀sẹ̀ yìí ó ti sàn.

Bàbá Azeez, ẹ bi mí pé aago mélòó ni mo máa ń jẹun àárọ̀. Ìwé mi ní aago méjì ọ̀sán. Tí aṣọ ẹbí bá wà nílẹ̀ aago mẹ́rin. Mi ò mọ̀ pé ó burú tó bẹ́ẹ̀ àfi ìgbà tí mo rí i lórí ìwé. Ohun míì tí mo rí ni pé ẹ̀ẹ̀méjì nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tó ṣe mí, ọjọ́ Sunday ni, lẹ́yìn tí mo bá ti kó aṣọ òde ọjọ́ Sátidé fún wọn tán tí mo wá sùn títí di aago mẹ́wàá. Ṣé ìsinmi náà lè fà á ni? Mo ti ń jẹ irú mi padà o, kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Wọ́n ti kọ ìwé fún mi láti lọ rí dókítà ọpọlọ ní Tọ́sìdeè tó ń bọ̀. Ìwé ìwọ̀n yìí ti rí jákujàku, òróró ẹ̀rọ wà lára ẹ̀, ṣé kí n tún un kọ sórí bébà tó dáa kí n tó lọ?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Inú mi dùn gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń ṣẹlẹ̀, wàhálà á lọ sílẹ̀ tán ni túúlu á dé, oorun àsùnjù náà sì máa ń fà á. Ẹ jí ní aago tẹ́ ẹ máa ń jí lọ́jọ́ Sunday náà, kẹ́ ẹ jẹun, tí oorun bá ṣì wà lójú, ẹ rẹjú díẹ̀ lọ́sàn-án.

Ẹ má tún ìwé kankan kọ. Ẹ mú un lọ bó ṣe wà, ti òun ti ìwọ̀n àyà àti ìbàdí kọ́sítọ́mà tó wà nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jókòó níwájú dókítà, ọ̀rọ̀ ojú abẹ́rẹ́ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ.